Ọ̀nà Ọ̀fun

Ìyá Mosún di ìrẹsì sínú kúlà ní Ṣikágò,
ó to dòdò lé e, ó fi ìkìlọ̀ dé e lórí:
"Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.
Oúnjẹ aláìláta ojú títì yẹn, ẹ má fẹnu kàn án."
Mo ní mo ti gbọ́,
èmi tí mo ti lo ọdún mọ́kànlélógún nílẹ̀ yìí
tí n kò tíì jókòó níbi tí wọ́n ti ń fi ṣúgà se ẹ̀wà.

Ẹrù ọmọ kún ẹ̀yìn ọkọ̀:
bẹ́ẹ̀dì, ìwé, ìkòkò òdòdó kan tó ń mi orí
ní gbogbo gegele Wisikọ́nsìn
bí àgbà tó gbà pé òótọ́ lẹ sọ.
Spokane là ń lọ. Iṣẹ́ ló pè é síbẹ̀.
Àgbàdo lọ́tùn-ún, àgbàdo lósì,
a ò rí ẹnì kan tó ń sun ún tà.

Lọ́jọ́ kejì, ní Dàkótà, yìnyín ti domi.
Mosún ṣí kúlà, ó di imú.
"Bàámi, ó ti parí."
Ó yà kúrò lójú títì láì bi mí,
ó dúró níwájú ilé onípákó kan tí ọkọ̀ àwọn àgbẹ̀ yí ká.

Verna ló gbé àwo wá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
kọfí ò dà.
Ọ̀dùnkún, ẹran, wàràkàṣì tó ń yọ̀ bí ilá.
Mo wá ata. Ata ò sí.
Mo jẹ. Mo tún jẹ. Mo fi búrẹ́dì nu àwo
títí òdòdó ìdí rẹ̀ fi hàn.
Mosún ń wò mí láti ẹ̀yìn ife omi.
Mo ní, "Kí ni mo jẹ?"
Ó ní, "N ò rí nǹkan kan."

Àmọ́ Butte ni mo fẹ́ sọ,
ìlú orí òkè ní Mọ̀ntánà, níbi tí wọ́n ti wa bàbà
títí ilẹ̀ fi dà bí ibi tí wọ́n ti yọ eyín.
Colleen gbé àwo kalẹ̀, mo fò dìde:
mítípáì! Ó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì,
wọ́n bu ọbẹ̀ pupa rúsúrúsú lé e lórí.
Ó ní àwọn awakùsà ló gbé e wá láti òkè òkun.
Etí rẹ̀ tó ki yìí lọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ ń dì mú nínú ihò,
tí wọ́n bá jẹ inú tán, wọ́n á ju etí nù.

Mo dákẹ́.
Bàbá mi wa kùsà ní Jọ́ọ̀sì, ọmọ Ọ̀fà láàárín àpáta.
Ẹ̀kọ ni tirẹ̀. Ewé eéran ló fi ń dì í mú,
ewé ló gba gbogbo ẹrẹ̀.
Mo ti rò pé àfínjú ló ń ṣe.
Lálẹ́, á fa ẹyọ kan yọ fún mi nínú àpò,
ó tutù, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ò dé rí.
N ò sọ ọ́ fún Mosún rí. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́.
Wọ́n ń pe Colleen lórí tábìlì mẹ́ta, kò lọ.
Ó ní, "Bàbá ìyá tèmi wọlẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò gòkè mọ́."
Ó tún bu ọbẹ̀ sí i fún mi.

Mo já ẹrù sí Spokane.
Èmi nìkan ni mo ń padà bọ̀,
òdòdó tó ń gbà mí gbọ́ ti sọ̀ kalẹ̀.
Mo yà sí Butte. Ebi ò pa mí.
Colleen wo ẹ̀yìn mi, ó wo ilẹ̀kùn,
kò bi mí ní nǹkan kan.
Ó gbé mítípáì kan wá pẹ̀lú fọ́ọ̀kì méjì, ó jókòó.

Mo di òmíràn sínú kúlà, mo da yìnyín bò ó.
Ìyá Mosún ṣí i ní Ṣikágò. "Kí lèyí?"
Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó yínmú, ó wá ata,
ó bu ata lé e.
Ó jẹ ẹ́ títí dé etí, ó jẹ etí.
Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ọ̀nà.